Òkú Tó Ń Tún Ẹkún Ṣe

Bí ẹnìkan nínú yín bá ti sunkún òkú rí láìkọ́kọ́ gba fọ́ọ̀mù, kí ó dúpẹ́ gidigidi, nítorí kò bọ́ sí àsìkò Ọ̀gá Àgbà. Oyè rẹ̀ ní kíkún ni Ọ̀gá Àgbà Pátápátá, Alábòójútó Ọ̀rọ̀ Ìsìnkú àti Gbogbo Ohun Tó Fara Pẹ́ Ẹ. Oyè náà gùn débi pé ìlà mẹ́ta ló gbà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, káfíńtà sì ní láti yọ ilẹ̀kùn náà kó fi èyí tó fẹ̀ jù ú lọ sí i. Tí kò bá sí nítòsí, Amọ̀tán ni wọ́n ń pè é. Èmi ò ní í pè é bẹ́ẹ̀, torí ilé tí wọ́n ti tọ́ mi dára. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kàwé lẹ lè pè é bó ṣe wù yín.

Kí ó tó dé ipò, èèyàn kàn ń kú ni, àwọn èèyàn wọn sì ń sin wọ́n. Àwọn ará etídò ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún ohun tí wọ́n ń ṣe nídìí òkú, àwọn ará orí òkè ní tiwọn, àwọn ará inú igbó náà ní tiwọn. Kí ojúlùmọ̀ kó ara wọn jọ sílé ọlọ́fọ̀, kí wọ́n jókòó tì í láìfọhùn títí ilẹ̀ ó fi ṣú, ìbádákẹ́ ni àwọn ará òkè ń pè é. Kí ọlọ́fọ̀ bojú wẹ̀yìn wo ibojì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó máa lọ sílé, ìpadàwò ni àwọn ará igbó ń pe ìyẹn. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn nílé ìwé. Ọwọ́ kì í ṣìnà ẹnu, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe rí fún wọn.

Ọ̀gá Àgbà gbọ́ wọn, ara rẹ̀ bù máṣọ. "Jágbajàgba!" ló wí. Ó fi ọdún mẹ́ta kọ Ìwé Ọ̀rọ̀ Tí A Fọwọ́ Sí. Nínú ìwé náà, ìbádákẹ́ di Ìpàdé Aláìsọ̀rọ̀ Ipele Kejì. Ìpadàwò di Àtúnyẹ̀wò Ibojì. Ẹkún pàápàá di Ìtújáde Omi Ojú, Pẹ̀lú Ohùn tàbí Láìsí Ohùn, kí ẹni tó bá fẹ́ sun ún fàmì sí èyí tó bá wù ú. Ọ̀rọ̀ tí kò bá rí àyè nínú ìwé, bírò pupa ló ń fi pa á, torí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé ohun tí òun kò bá fún lórúkọ, kò sí láyé.

Ó tún ṣe òfin. Àwọn òfin náà pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá mi di ọ̀kan mú: òfin ogójì. Ó ní ohun tí akọ̀wé bá ti kọ sínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, tí òǹtẹ̀ sì ti bà lé, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á rẹ́, ìbáà ṣe òun Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀. Ẹ fi í sápò. A máa tó lò ó.

Òǹtẹ̀ náà ńkọ́? Kì í fi í sílẹ̀ lórí tábìlì bí àwọn ọ̀gá yòókù. Ó so okùn mọ́ ọn, ó fi í kọ́rùn lábẹ́ ẹ̀wù, ó ń bá a wẹ̀, ó ń bá a sùn. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin pé láràárọ̀ tí òun bá wo dígí, òun máa ń rí i lẹ́rẹ̀kẹ́ òun gàdàgbà: A FỌWỌ́ SÍ I.

Ohun kan tún wà. Ọ̀gá Àgbà ń tiro ẹsẹ̀ òsì. Gìgísẹ̀ ló ń dùn ún, ọjọ́ ti pẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, torí lójú tirẹ̀, ọ̀gá kì í ní ìrora. Igbákejì rẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ìrìn náà. Ẹlẹ́nu dídùn ni igbákejì yìí, kò rí ohun tí ọ̀gá ṣe kó má ṣe é. Òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Kí oṣù tó parí, gbogbo ọ́fíìsì ló ń tiro, láti orí oníṣirò dórí ẹni tó ń gbálẹ̀. Ìrìn Ipò ni wọ́n sọ ọ́. Òṣìṣẹ́ kan wà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ rọ ní tòótọ́ láti kékeré, wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ sí i pé ó ń tiro lódì.

Láago mẹ́jọ àárọ̀, gbogbo wọn a tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Igbákejì a bọ́ síwájú.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin olùtọ́nà àwọn tí ò lè rìn mọ́! Ẹ̀yin tí òkú ń ti inú sàréè dìde kí, kó tó tún padà sùn! Ọ̀rọ̀ ò bá ti ṣáko lọ láyé yìí bí kì í bá ṣe tiyín!"

"Ó dára," Ọ̀gá Àgbà a wí. "Àmọ́ lánàá o pè mí ní baba àwọn olóògbé. Lónìí o yọ ọ́. Ṣé mo ti rù lóru ni?"

"Ẹ dárí jì mí, ọ̀gá! Ọ̀fun ló gbẹ!"

Ẹnìkan ṣoṣo ni kì í tiro níbẹ̀, ìyẹn akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀, ìyá àgbà kan tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ku ọdún méjì. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń jókòó lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, torí náà kò sí ẹni tó mọ bó ṣe ń rìn. Kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni. Ohun tí òfin bá wí ni yóò ṣe, kò ní í fi kún un, kò ní í yọ kúrò.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ìyàwó aránbàtà wọlé. Gbogbo ọ́fíìsì ló mọ aránbàtà yìí. Ọdún mọ́kànlá ló fi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì wọn lábẹ́ agbòjò tó ti ya, tòun ti àpótí ìṣó àti gọ́ọ̀mù rẹ̀, kò sì sí bàtà kan lẹ́sẹ̀ òṣìṣẹ́ tí kò tíì gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ṣubú lulẹ̀, kò sì dìde mọ́. Ìyàwó rẹ̀ yìí, ará etídò ni. Ó mú fọ́ọ̀mù dání lọ́wọ́ kan, ó mú ọ̀rá dúdú dání lọ́wọ́ kejì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ọkọ mi ló kú. Òní ló pé ọjọ́ kọkàndínlógún tó ti wà ní mọ́ṣúárì. Wọ́n ní wọn ò lè gbé e fún mi àfi tí mo bá gba òǹtẹ̀ lọ́dọ̀ yín."

Fọ́ọ̀mù ni Ọ̀gá Àgbà wò, kò wo ojú rẹ̀. "Kí lo kọ síbí?"

"Àyàkí ni, sà."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Lọ́dọ̀ tiwa, tí a bá ń gbé òkú lọ, a kì í gbé e kọjá fìrí bí ẹrù olè. A máa ń gbé e yà kí àwọn tó bá ṣiṣẹ́. A ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, onílé á jáde, á sọ ohun kan péré tí olóògbé ṣe fún òun. A ó tún gbé e, ó di ẹnu ọ̀nà mìíràn. Tí a ò bá ṣe é, a jẹ́ pé èèyàn náà wá sáyé wá wo ìran ni."

Ọ̀gá Àgbà fi itọ́ tọ́ ìka, ó ṣí Ìwé. Ó wá a lójú ewé kan, ó wá a lójú ewé kejì, inú rẹ̀ sì ń dùn lọ bí kò ṣe rí i. "Kò sí."

"Ó wà, sà. Wọ́n ṣe é fún bàbá mi."

"Mo ní kò sí! Èyí tó sún mọ́ ọn ni Ìdádúró Onígbà Díẹ̀ fún Ìkíni Ìkẹyìn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ìṣẹ́jú kan, kò sí ọ̀rọ̀ sísọ. Kọ ìyẹn, kí n lu òǹtẹ̀."

"Ìyẹn kọ́, sà. Èyí tẹ́ ẹ pè yẹn, mọ́tò ni ọlọ́pàá ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún."

Igbákejì bú sẹ́rìn-ín, ó rí i pé ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín, ló bá gbé èyí tó kù mì. Ọ̀gá Àgbà dìde. Nígbà tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ńlá, ó máa ń dìde ni.

"Ìwọ ìyá yìí! Ṣé o mọ ẹni tí ò ń bá sọ̀rọ̀? Èmi ni ẹnu tí orílẹ̀-èdè yìí fi ń sunkún! Èmi ni ojú tó fi ń wo ibojì! Kí n tó dé, ẹkún yín ń já lọ bí ewúrẹ́ tó já okùn, èmi ni mo mú un so mọ́lẹ̀! Tí n bá gba ọ̀rọ̀ kan láyè lónìí, lọ́la gbogbo abúlé á gbé ọ̀rọ̀ tiwọn wá, ta ni yóò wá mọ ẹni tó kú?"

"Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan tún wà nínú ọ̀rá yìí tí ọkọ mi ní kí n—"

"Kò sí àyè ọ̀rá nínú fọ́ọ̀mù! Ó yá, jáde!"

Ẹ bá mi wò ó. Obìnrin tó lè jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ wí. Obìnrin náà kò bú u padà. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ kẹta, tòun ti fọ́ọ̀mù, tòun ti ọ̀rá. Ẹni tó bá ní kó kàn kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó sì máa gbé òkú rẹ̀ lọ, èsì kan náà ló ń fún un. "Ọkọ mi ṣiṣẹ́," á wí, á sì tún fọ́ọ̀mù náà tẹ́ lórí itan.

Bẹ́ǹṣì yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Tí Ọ̀gá Àgbà bá ti ń kọjá, tó rí i, inú á bí i. Ó wá pinnu pé àwọn aráàlú kò mòye ni, òun gbọdọ̀ ṣe é lójú wọn kí wọ́n rí i. Ó pe ìpàdé, ó kéde Ìsìnkú Àwòkọ́ṣe: wọn yóò sin ẹnìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ìlànà Ìwé, lójú gbogbo ayé, kí ẹ̀kọ́ lè yé àwọn tó ń ya òkú kiri ojúlé.

"Ta ni yóò wá jẹ́ òkú, sà?" oníṣirò béèrè.

Igbákejì ti na ọwọ́ sókè kó tó parí ọ̀rọ̀. "Èmi ni! Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kú fún yín!"

Ọ̀gá Àgbà rò ó. "Níbi ìsìnkú, ta ni èèyàn pàtàkì jù?"

"Òkú ni, sà."

"Ta ni wọ́n ń gbé lé èjìká?"

"Òkú ni, sà."

"Ta ni ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ń dìde fún?"

"Òkú náà ni, sà."

"Kí wọ́n wá dìde fún ìwọ, kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa wò ọ́?"

Ọwọ́ igbákejì fúnra rẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀. Bí Ọ̀gá Àgbà ṣe di òkú nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Àìsàn kọ́, ìjàǹbá kọ́. Kò kàn lè rí ipò ńlá kan kó fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíì.

Akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ yọjú lójú fèrèsé rẹ̀. "Ọ̀gá, fọ́ọ̀mù ńkọ́? Ṣé kí n fi ìwé lásán ṣe é?"

"Lásán? Èmi, lásán? Fọ́ọ̀mù gidi, ìwé ìforúkọsílẹ̀ gidi!"

"Kí n kọ orúkọ yín sí àyè olóògbé?"

"Lẹ́tà gàdàgbà ni kí o fi kọ ọ́."

"Ọ̀gá, òfin ogójì ní—"

"Ta ló kọ òfin ogójì? Ṣé ìwọ lo fẹ́ kà á fún mi?"

Akọ̀wé kọ ọ́. Ọ̀gá Àgbà fa òǹtẹ̀ yọ láti àyà, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ó sì lù ú mọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ó dún gbì. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rín ló ń rín.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ìsìnkú. Òfin kẹrìnlá ní òkú kì í wọ bàtà, torí náà Ọ̀gá Àgbà bọ́ bàtà rẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó ti ọ́fíìsì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ igbákejì, ó sì wọnú pósí. Àgbàlá kún. Wọ́n kó àwọn ọmọ iléèwé wá, wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ láti ọ́fíìsì mìíràn wá.

"Ìtújáde Omi Ojú Láìsí Ohùn, bẹ̀rẹ̀!" igbákejì pàṣẹ. Gbogbo wọn fún ojú pọ̀.

Òkú gbé orí sókè nínú pósí. "Mo ń gbọ́ ohùn! Ta ló ń fa imú? Imú fífà wà ní ìpele kejì! Ìwọ oníṣirò, ẹ̀rín nìyẹn, kì í ṣe ẹkún. Ẹ tún un ṣe látòkè!"

Wọ́n tún un ṣe látòkè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tún un ṣe. Ìgbà kẹrin, omi wá ojú wọn ní tòótọ́, torí oòrùn ti mú. Igbákejì wá gun orí àpótí, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìdágbére.

"Ó ti lọ! Igi ńlá ti wó, àwọn ẹyẹ ò ríbi wọ̀ sí! Nígbà tó wà láyé, tó bá sín, àwa là ń dúpẹ́! Ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ débi pé ìyókù rẹ̀ nìkan là ń lò níbí, òjúlówó ṣì wà nílé tó tò ó sí! Ta ni yóò máa bá wa wí báyìí? Ta ni yóò máa kórìíra wa tìfẹ́tìfẹ́?"

Òkú ń sunkún nínú pósí. "Tún gbólóhùn ti igi ńlá yẹn sọ," ó wí. Igbákejì tún un sọ. Àwọn àgbà ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Wọn ò sọ fún wa ohun tí a ó ṣe bí òkú bá ń sunkún ara rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ lọ́wọ́, akọ̀wé jókòó sẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Òfin ní kí ẹ̀dà fọ́ọ̀mù lọ síbi mẹ́ta kí òkú tó kúrò ní àgbàlá. Ọ̀kan lọ sí olú ilé iṣẹ́. Ọ̀kan lọ sílé olóògbé. Ọ̀kan lọ sọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì.

Wọ́n gbé pósí. Àwọn mẹ́fà tó gbé e ń tiro ẹsẹ̀ òsì lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà pósí ń fì sọ́tùn-ún fì sósì títí òkú fi fẹ́ bì. Nígbà tí wọ́n dé itẹ́ òkú ní ìparí òpópónà, wọ́n sọ̀ ọ́ sínú kòtò tí kò jìn ju orúnkún lọ, wọ́n fun fèrè, gbogbo wọn ṣe Àtúnyẹ̀wò Ibojì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ọ̀gá Àgbà nìkan jáde wá, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ dànù, inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn padà sí ọ́fíìsì lórí òkúta gbígbóná.

"Ṣí géètì."

Ẹ̀ṣọ́ wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó wò ó lójú, ó tún wo ìwé. "Ẹ má bínú, sà. Wọ́n ní ẹ ti kú."

"Ṣé orí rẹ pé? Èmi kọ́ nìyí tí mo dúró níwájú rẹ?"

"Mo rí yín, sà. Àmọ́ ojú mi ò ní òǹtẹ̀. Ìwé yìí ní in."

Ọ̀gá Àgbà gbójú sókè. Igbákejì ń bẹ lójú fèrèsé ọ́fíìsì onílẹ̀kùn fífẹ̀, ó ti jókòó sórí àga. "Igbákejì! Sọ fún òmùgọ̀ yìí!" Igbákejì wò ó pẹ̀lú àánú ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń wo òkú. Ó fa aṣọ fèrèsé dé.

Ó gbalé lọ. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ó kàn án, ó kàn án, ìyàwó rẹ̀ dáhùn láti inú.

"Olóògbé, ẹ máa lọ. Mo ń ṣọ̀fọ̀ yín."

"Ṣílẹ̀kùn, èmi ni!"

"Òfin kẹtàdínlógún tẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín kọ: opó kò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn fún ọkùnrin kankan fún ogójì ọjọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣọ̀fọ̀ yín dáadáa, bàbá. Mo sùn díẹ̀ lọ́sàn-án yìí, mo jí, kò sí nǹkan kan lẹ́rẹ̀kẹ́ mi."

Inú gáréèjì ló sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó padà sí géètì. Ẹ̀ṣọ́ ti rò ó síwá sẹ́yìn. Ó ní ọ́fíìsì kò gba òkú, àmọ́ bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀ràn òkú, "ẹ̀yin náà sì ní ọ̀ràn òkú, sà." Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Àgbà Pátápátá ṣe lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ lásán, eruku dé orúnkún. Ìyàwó aránbàtà ti wà níbẹ̀. Ó sún fún un.

"Ẹ káàárọ̀, olóògbé," akọ̀wé kí i látojú fèrèsé.

"Pa orúkọ mi rẹ́."

"Òfin ogójì, sà."

"Ó dáa, kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé mo wà láàyè."

"Kí n pè é ní kí ni? N kò gbọdọ̀ kọ ohun tí kò ní orúkọ. Láti àná ni mo ti ń tú Ìwé wá orúkọ ẹni tí wọ́n ti sin tó sì wà láàyè."

"Kò sí! Kò sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀!"

"Ohun tẹ́ ẹ kọ síbẹ̀ náà nìyẹn, sà." Akọ̀wé fa ìwé àtijọ́ kan jáde, èyí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ gbogbo abúlé jọ sí kí bírò pupa tó bà á. "Orúkọ náà wà lójú ewé yìí nígbà kan. Ọ̀dọ̀ àwọn ará etídò ló ti wá. Ẹ pa á, ẹ tún un pa, títí ìwé fi lu. Mo gbé e síta oòrùn wò. Ihò nìkan ló kù."

Ọ̀gá Àgbà wo ihò náà. Ó lè ti ìka bọ̀ ọ́. "Níbo la ti máa rí ará etídò báyìí?" ó béèrè. Akọ̀wé kàn wo bẹ́ǹṣì.

Ó gba ọkùnrin yìí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó yíjú. "Màmá," ó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Kí lẹ̀ ń pè é?"

"Àsìnyè ni," ìyàwó aránbàtà dáhùn, bí ẹni wọ́n bi léèrè aago. "Apẹja ló máa ń ṣe jù. Odò á gbé e lọ, wọ́n á retí rẹ̀ títí, wọ́n á ṣe ìsìnkú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, á kàn rìn wọlé. Wọn ò ní í lé e. Àmọ́ kò gbọdọ̀ wọ ilé rẹ̀ kó tó bá wọn gbé òkú mìíràn. Á bá wọn gbé e yà ní gbogbo ẹnu ọ̀nà. Níbi tó kẹ́yìn, á sọ lójú gbogbo èèyàn pé, 'Ẹ sin mí, mo yè.' Wọ́n á ní, 'Káàbọ̀.' Ó parí nìyẹn."

"Ṣé aṣojú ò lè bá mi gbé e?"

"Ṣé aṣojú ló yè?"

Òkú kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì ti lo ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lórí yìnyín. Ìyàwó aránbàtà tẹ́ fọ́ọ̀mù rẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn. Kò bẹ̀ ẹ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Ìgbà náà ni igbákejì tiro jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ti tú gbogbo dúrọ́ọ̀ nínú ọ́fíìsì látàárọ̀, kò rí òǹtẹ̀. Ó rí okùn lọ́rùn òkú. "Gbé e wá! Òkú ò lè lu òǹtẹ̀!"

Akọ̀wé ṣí Ìwé, ó kà á jẹ́jẹ́. "Òkú kò gbọdọ̀ wọ bàtà. Òkú kò gbọdọ̀ wọ ọ́fíìsì. Mo ti kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, sà. Kò síbi tí wọ́n ti ní kó má lu òǹtẹ̀."

Ọ̀gá Àgbà fà á yọ láti àyà. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí *àyàkí* nínú fọ́ọ̀mù, ọwọ́ rẹ̀ sì wá bírò pupa lọ sápò fúnra rẹ̀. Ó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó ti bó. Ó rí ihò inú ìwé. Ojú tì í, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà èwe. Ó lu òǹtẹ̀, gbì, ó sì gbàgbé rẹ̀ síwájú akọ̀wé.

Wọ́n gbé aránbàtà jáde ní mọ́ṣúárì lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọ̀gá Àgbà wà níwájú lápá òsì. Wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà aránṣọ, obìnrin náà jáde tòun ti téèpù lọ́rùn. "Tí awọ ẹ̀rọ mi bá já, kò jẹ́ kí n sùn sí i," ó wí. Wọ́n gbé e dé iléèwé, tíṣà kan ní, "Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo la ní. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ló rán an." Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, ọkùnrin náà fẹ́ sọ tirẹ̀, ẹkún ò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Kò sí ẹni tó bi í bóyá pẹ̀lú ohùn ni tàbí láìsí ohùn. Èjìká Ọ̀gá Àgbà ń ta á, gìgísẹ̀ rẹ̀ ń jó o bí iná.

Géètì ọ́fíìsì ló kẹ́yìn. Wọ́n sọ pósí kalẹ̀ níbi tí agbòjò ti máa ń wà. Òṣìṣẹ́ kún ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jáde.

"Ta ni onílé níbí?" ìyàwó aránbàtà béèrè.

Ẹ̀ṣọ́ wo Ọ̀gá Àgbà. Ọ̀gá Àgbà nà ró, ó húkọ́. "Ẹ̀yin ará, ní ìbámu pẹ̀lú abala kẹta Ìwé—"

"Ohun kan péré ni, sà. Ohun tó ṣe fún yín."

Ó ronú. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń gba ibẹ̀ kọjá. Ó wá ojú ọkùnrin náà nínú orí rẹ̀, kò rí i. Àtàrí nìkan ló rí, àtàrí ẹni tó tẹ̀ ba lé bàtà. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀ níbẹ̀, n kò ní í purọ́.

Ìyàwó aránbàtà tú ọ̀rá dúdú. Ó kó bàtà dúdú kan jáde, ó ń dán. "Tiyín ni. Ẹ rán ẹ̀ṣọ́ sí i kó bá yín tún un ṣe. Ọjọ́ tó parí rẹ̀ ló ṣubú. Ó ti sọ fún mi lálẹ́ tó ṣáájú, ó ní, 'Gìgísẹ̀ bàtà òsì ọ̀gá yẹn máa ń jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nǹkan ń dùn ún níbẹ̀, kò sì fẹ́ sọ.' Ó fi awọ múlọ́múlọ́ kan tẹ́ inú rẹ̀. Ó ní tí òun ò bá lè wá síbi iṣẹ́, kí n fi lé yín lọ́wọ́ fúnra mi. Gbogbo ọjọ́ tí mo wá ni mo mú un wá."

Ọ̀gá Àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà. Ó dìde. Ó gbé ìṣísẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Kò dùn ún. Ó dúró síbẹ̀ bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìn, omi sì ń wá láti ojú òsì àti ọ̀tún láìtẹ̀ lé ìlànà kankan.

"Ó mọ ibi tó ń dùn mí," ó wí. "Èmi ò sì mọ ojú rẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ sin mí, mo yè."

"Káàbọ̀," ìyàwó aránbàtà dáhùn, àwọn tó gbé pósí náà sì wí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n sin aránbàtà kí oòrùn tó wọ̀. Akọ̀wé kọ *àsìnyè* sábẹ́ orúkọ Ọ̀gá Àgbà, ó lu òǹtẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò padà wá gbà, òun náà ló sì ń lù ú fún gbogbo ẹni tó bá wá láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ yòówù tí wọ́n bá kọ. Olú ilé iṣẹ́ ní àwọn dúpẹ́ pé ọkùnrin náà yè, àmọ́ àga rẹ̀ ti lẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ ṣọ̀fọ̀ ogójì ọjọ́ rẹ̀ pé, kò yọ ọ̀kan, kó tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ọkùnrin náà máa ń kọjá ní òpópónà nísinsìnyí, ó ń rìn gbọọrọ, ó sì ń kí èèyàn.

Igbákejì ló wà lórí àga. Tí ẹ bá gba ibẹ̀ kọjá láago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ yọjú wò wọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gba òṣìṣẹ́ tuntun méje lóṣù tó kọjá, ọjọ́ kìíní ni wọ́n ti kọ́ wọn ní Ìrìn Ipò. Gbogbo wọn ló ń tiro ẹsẹ̀ òsì, kò sì sí ẹnìkan níbẹ̀ tí nǹkan kan ń dùn.